Ihò Mẹ́rin Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Ajíbádé

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tiwa ní Ìkòrò-Èkìtì, ẹ jókòó, kí ẹ fọwọ́ pa ẹ̀yìn àga tó wà níwájú yín. Ọwọ́ yín ò ní kan ojú ìṣó kankan. Ẹ wá a títí tí àlùfáà yóò fi wàásù tán, ẹ ò ní rí i. Àga mẹ́rìndínlógójì ló wà níbẹ̀, Ajíbádé kápẹ́ńtà ló sì kan gbogbo wọn. Kì í ṣe pé kò lo ìṣó o. Ó lò ó. Ó kàn mọ bí wọ́n ṣe ń fi í pamọ́ ni.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é kì í ṣe àdììtú fún ẹni tó bá ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà rí. Wọn á gbá lẹ́bú pákó jọ, èyí tó kúnná dáadáa, wọn á fi gọ́ọ̀mù funfun pò ó, wọn á tẹ̀ ẹ́ sínú ihò, wọn á jẹ́ kó gbẹ, wọn á fi sáńpépà ha á, wọn á fi ọ̀dà kùn ún. Ó tán. Gbogbo kápẹ́ńtà ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n ti Ajíbádé yàtọ̀, torí pé lára pákó gan-an tó bá fẹ́ dí ni yóò ti ha lẹ́bú, kí àwọ̀ méjèèjì lè bára mu. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni, ó ga, ó tín-ín-rín, pẹ́ńsùlù kì í kúrò létí rẹ̀, àní lọ́jọ́ Ìsinmi pàápàá. Ó lé ní ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni ti rí àṣìṣe rẹ̀ gbẹ̀yìn, kì í sì í ṣe pé kì í ṣàṣìṣe.

Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ló ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ Bàbá Dúrójayé, ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Nígbà tí Ajíbádé wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó lu ihò kan síbi tí kò yẹ lára ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kàn fún olùkọ́ àgbà kan. Ihò kan ṣoṣo, kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ. Ọ̀gá rẹ̀ kò nà án. Ó kàn ní kó gbé ilẹ̀kùn náà rù, kó gbé e gun òkè lọ dé ọjà, kó sì máa fi ihò náà han ẹnikẹ́ni tó bá bi í léèrè ohun tó ṣe. Ẹ̀yin tó mọ òkè Ẹ̀fọ̀n, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ilẹ̀kùn wúwo, òkè ga, ṣùgbọ́n ẹ̀rín àwọn èèyàn ló wúwo jù. Àwọn obìnrin ń yọjú gba inú ihò náà, wọ́n ń bi í bóyá fèrèsé ló ń tà.

Nígbà tó padà dé pẹ̀lú omijé lójú, ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́bú àti gọ́ọ̀mù dí ihò. Ó ní, "Ukú yá j'ẹ̀sín, ọmọ mi. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnìkan tún rí ihò rẹ mọ́." Ajíbádé di ọ̀rọ̀ yẹn mú bí ẹni di Bíbélì mú. Ìyẹn ló sọ ọ́ di kápẹ́ńtà tí gbogbo ìlú ń pè. Ìyẹn náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ rẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni òun àti Comfort ìyàwó rẹ̀ bí, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti ń wojú Olúwa. Obìnrin ni, Olúrántí lorúkọ rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n báyìí, ó kàwé nípa omi ní Àkúrẹ́, ilé-iṣẹ́ kan tó ń wọn adágún ló sì ń bá ṣiṣẹ́. Lọ́dún yìí wọ́n gbé iṣẹ́ adágún kan tí ìjọba sé sí ọ̀nà Ìjerò fún wọn. Láti bí ọdún mẹ́ta ni adágún ọ̀hún ti ń fún wa ní ẹrẹ̀ dípò omi; ẹ ṣí ẹ̀rọ omi, ohun tó bá jáde níbẹ̀, ẹ lè fi mọ ògiri. Iyanrìn ti kún inú rẹ̀, ìjọba sì fẹ́ mọ ibi tó ṣì jìn àti ibi tó ti kún kí wọ́n tó kó katakata wá.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n kò tóbi. Apá kan rẹ̀ rí bíi tẹlifíṣọ̀n kékeré, nọ́ńbà ló máa ń hàn lójú rẹ̀. Apá kejì jẹ́ ohun dúdú kan tí kò ju àtẹ́lẹsẹ̀ àgbàlagbà lọ, wáyà gígùn ló so méjèèjì pọ̀. Inú omi ni èyí dúdú ń gbé, lẹ́yìn ọkọ̀; yóò máa rán ohùn tí etí èèyàn kò lè gbọ́ lọ sísàlẹ̀, yóò sì máa gbọ́ ọ bó ṣe ń padà bọ̀. Tiransidúsà ni Olúrántí ń pè é. Ahọ́n bàbá rẹ̀ kọ̀ ọ́, ó bá sọ ọ́ ní etí ẹ̀rọ. Kò sí kápẹ́ńtà ọkọ̀ omi ní Ìkòrò, a kì í kúkú ṣe ará etí òkun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ń wá ẹni tí yóò so etí ẹ̀rọ mọ́ ọkọ̀ onípákó tí wọ́n rà, Olúrántí ló dìde. Ó ní, "Bàbá mi ni kẹ́ ẹ gbé e fún. Bàbá mi kì í ṣàṣìṣe."

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n gbé ọkọ̀ náà wá síwájú ṣọ́ọ̀bù. Olúrántí gbé páálí ẹ̀rọ lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní òun ń lọ sí Adó lọ kó ẹrù tó kù, pé kí wọ́n dúró de òun kí àwọn jọ wo bí àwọn yóò ṣe ṣe é. Ṣé Ajíbádé á wá dúró? Gbogbo ìlú ló ń kọjá, tí wọ́n ń wo ọkọ̀ omi lórí ilẹ̀ gbígbẹ, tí wọ́n ń bi í bóyá ìkún omi Nóà ló ń bọ̀. Ó wù ú kí ọmọ rẹ̀ dé kó bá iṣẹ́ ní píparí. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ó yí ọkọ̀ náà dojú dé, ó gbé etí ẹ̀rọ lé ìsàlẹ̀ rẹ̀, lápá ìdí. Lójú tirẹ̀, ohun tí yóò máa gbọ́ ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ náà ló yẹ kó wà. Kápẹ́ńtà àga ni. Bí wọ́n ṣe ń de ẹsẹ̀ mọ́ tábìlì ló mọ̀, bóòtù mẹ́rin, igun mẹ́rin. Ó fi pẹ́ńsùlù sàmì, ó tan dírìlì, ó sì lu ìsàlẹ̀ ọkọ̀ já lójú mẹ́rin. Ìka ọwọ́ tó kéré jù lè wọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Kò tíì gbé dírìlì sílẹ̀ tí fóònù rẹ̀ fi dún. Olúrántí ni.

"Bàbá mi, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lu ihò kankan o. Mo gbàgbé láti sọ fún yín ni. A kì í lu ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ẹ ó fi gọ́ọ̀mù lẹ pákó kan mọ́ ìdí ọkọ̀ níta. Ihò méjì péré lẹ ó lu láti fi de pákó yẹn, kí méjèèjì sì wà lókè ibi tí omi ń dé. Ara pákó lẹ ó wá de tiransidúsà mọ́. Bó bá ga jù, bó bá rẹlẹ̀ jù, pákó la ó tún lu, a ò ní fọwọ́ kan ọkọ̀. Ihò tó bá wà lábẹ́ omi, ikú ni."

Ajíbádé wo ihò mẹ́rin náà. Ìtànṣán oòrùn ń gba inú wọn bọ́ sórí ilẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀.

"Mo gbọ́," ló sọ.

"Ẹ ò tíì lu nǹkan kan, àbí?"

"Uṣẹ́ kì í kánjú, ọmọ mi," ó dá a lóhùn, ó sì pa fóònù.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ó lè sọ ọ́ nígbà yẹn. Gbólóhùn kan péré ni: mo ti lu ú. Ṣùgbọ́n ọmọ tó sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé bàbá òun kì í ṣàṣìṣe ló wà lórí fóònù yẹn, ó sì ń ṣe Ajíbádé bí ẹni pé ilẹ̀kùn Ẹ̀fọ̀n tún ti wà lórí òun. Kí oòrùn tó kanrí, ó ti ha lẹ́bú lára ọkọ̀, ó ti pò ó, ó ti dí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú àti níta. Nígbà tó gbẹ, ó ha á, ó fi ọ̀dà búlúù kùn ún. Nígbà tó ṣe tán, òun fúnra rẹ̀ wá wọn, kò rí wọn. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ó wá ṣe èyí tí wọ́n rán an, ó sì ṣe é bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Ó gé pákó ìrókò, ó fá a títí tó fi ń dán. Ó lọ ra gọ́ọ̀mù líle tí wọ́n ń pò láti inú túúbù méjì, ó fi lẹ pákó náà mọ́ ìdí ọkọ̀, ó lu ihò méjì péré lókè, ó kọ́kọ́ rọ gọ́ọ̀mù kún inú wọn kó tó ti sukúrù bọ̀ ọ́. Ó de etí ẹ̀rọ mọ́ ìsàlẹ̀ pákó, ó to wáyà rẹ̀ gun òkè létòlétò. Gọ́ọ̀mù líle yẹn ṣẹ́ kù sínú túúbù. Ó wò ó, ó wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù yẹn kì í fara pamọ́. Bí ọ̀dà ti wù kó nípọn tó, àpá rẹ̀ á máa dán lábẹ́ rẹ̀. Ó dé túúbù náà.

Olúrántí dé ní Ọjọ́bọ̀, òun àti Isaac, Ìlàjẹ kan tí wọ́n gbà láti máa tu ọkọ̀. Nígbà tí ọmọ náà rí pákó ìrókò lẹ́yìn ọkọ̀, ó dì mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn. Isaac bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, torí àwọn tí wọ́n bí sórí omi kì í wọ ọkọ̀ tuntun láìfọwọ́ pa ìsàlẹ̀ rẹ̀ látòkè délẹ̀.

"Isaac, fi í lẹ̀ jàre," Olúrántí wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ bàbá mi ló ṣe é. Kí lo tún fẹ́ yẹ̀ wò?"

Isaac yọwọ́. Ajíbádé tú èémí tó ti ń di mọ́ra, ojú sì tì í pé òun tú u.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn kò jẹ́ kó sinmi. Ọdún mélòó ni gọ́ọ̀mù funfun ti ń bá a dí ihò? Ọdún méjìdínláàádọ́ta. Ṣùgbọ́n nínú ilé ni gbogbo rẹ̀, lórí àga, lórí tábìlì, lábẹ́ òrùlé. Kò tíì rì í sínú omi rí. Ní kùtùkùtù ọjọ́ Ẹtì, ó mú àgékù pákó kan tó ti lu, tó ti dí, tó ti kùn láti ọjọ́ tó dí ti ọkọ̀, ó jù ú sínú garawa omi kan lẹ́yìn ilé, ó gbé òkúta lé e. Ó gba Aràmọ̀kọ lọ, ó lọ wọn fèrèsé fún oníbàárà. Kò gbádùn ìwọ̀n tó ń wọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ nọ́ńbà tí kì í ṣe òun ló wà lójú tépù.

Nírọ̀lẹ́ tó padà dé, ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé. Ó gbé òkúta kúrò, ó mú pákó jáde, ó fi ìka tẹ ibi tó dí. Ìka rẹ̀ wọlé, ó yọ lódì kejì. Ohun tó wà nínú ihò ti di ògì. Ó na ọwọ́ síwájú, ó ń wo ògì yẹn bó ṣe ń kán sílẹ̀ lórí ìka rẹ̀. Ó sáré jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ojú táyà nìkan ló bá lórí ilẹ̀.

"Ìyá Rántí! Níbo ni ọkọ̀ wà?"

"Wọ́n ti wá gbé e lọ sí adágún lọ́sàn-án," Comfort dá a lóhùn láti ilé ìdáná. "Ọ̀la ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń mí bí ẹni tí ejò lé?"

"Kò sí nǹkan kan. Ó rẹ̀ mí ni."

Ó mú fóònù, ó wá orúkọ ọmọ rẹ̀, ó wò ó títí tí iná fóònù fi kú. Ó tún tàn án, ó tún kú. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe ti fóònù, pé bó bá di ọ̀la, òun á kọ́kọ́ dé adágún, òun á pe Olúrántí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun á rọra sọ ọ́. Ẹ̀yin náà mọ irú ọ̀la bẹ́ẹ̀.

Òun kọ́ ló kọ́kọ́ dé. Nígbà tí ọkadà gbé e dé etí adágún láago mẹ́jọ ààbọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó ti tó ogójì èèyàn tó dúró síbẹ̀. Ọ̀gá Olúrántí wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà Akínwùmí. Àlùfáà náà wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ti wà lórí omi létí bèbè, ó ń mì díẹ̀díẹ̀, búlúù rẹ̀ ń tàn. Gbogbo ìgbà tí Ajíbádé bá ti la ẹnu, ẹnìkan á ti kí i: "Kápẹ́ńtà, ẹ kú uṣẹ́ o!" Ó sún mọ́ Olúrántí, Ẹnjiníà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ń yin pákó ìrókò. Àlùfáà ní kí wọ́n di ojú. Ó gbàdúrà fún omi, ó gbàdúrà fún ẹ̀rọ, ó wá dúpẹ́ fún ọwọ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run Ajíbádé tí kì í fi àbùkù sílẹ̀. Gbogbo èèyàn ní àmín. Ajíbádé náà ní àmín. Ẹ sọ fún mi, lẹ́yìn àmín yẹn, ẹnu wo ló kù tí yóò fi sọ ọ́?

Olúrántí wọ ọkọ̀. Isaac mú àjẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ dúró!" Ajíbádé wí. "Mo fẹ́ bá yín lọ."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, torí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Ajíbádé kò lè lúwẹ̀ẹ́, pé ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ ìjọ CAC pé òun dúpẹ́ tí òun jẹ́ Áńgílíkà, níbi tí wọn kì í ti í ri èèyàn bọ odò. Inú Olúrántí dùn. Ó rò pé bàbá òun fẹ́ rí bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń ṣe ni. Jákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ilé-iṣẹ́ fún wọn, irú èyí tí í gbéni léfòó, wọ́n ní ẹja ni Isaac, kò nílò tirẹ̀. Olúrántí tú u lára rẹ̀, ó fi wọ bàbá rẹ̀, ó sì fún okùn rẹ̀ mọ́ ọn láyà bí ìyá tó ń múra fọ́mọ. Ó ní, "Èmi mọ̀ ọ́n wẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin lẹ nílò rẹ̀." Ajíbádé fẹ́ kọ̀, okùn ti fún tán.

Ìdí ọkọ̀ ló lọ jókòó sí. Ó bọ́ bàtà. Kò sẹ́ni tó lè rí ihò wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n òun mọ ibi tí wọ́n wà, ó gbé gìgísẹ̀ méjèèjì lé méjì, ó gbé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ méjèèjì lé méjì. Ó ní bí òun bá tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ dáadáa, bóyá wọn yóò mú títí àwọn ó fi lọ tí àwọn ó fi bọ̀. Ó gbàdúrà. Ẹ̀rù kò jẹ́ kó rántí ju "Olúwa, Olúwa" lọ.

Isaac ti ọkọ̀ kúrò létí bèbè. Olúrántí gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré náà lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà sókè, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Mítà kan ààbọ̀. Méjì. Méjì. Mẹ́ta."

Ajíbádé kò tíì gbọ́ irú ìṣirò báyìí rí láyé rẹ̀. Ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so mọ́ ìdí ọkọ̀ ló ń sọ fún un, láìṣojúsàájú, bí ìsàlẹ̀ ṣe ń jìnnà sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wẹ̀yìn, àwọn èèyàn tó wà ní bèbè ti kéré. 

"Mẹ́rin. Mẹ́rin ààbọ̀. Bàbá mi, ẹ wò ó! Kò mì rárá! Ọ̀kan tí wọ́n so fún wa lọ́dún tó kọjá ń gbọ̀n ṣáá, ẹ̀rọ ò rí nọ́ńbà kankan kà."

"Ẹ ṣé," ló sọ. Ó kí ọmọ rẹ̀ ní "ẹ ṣé" bí ẹni kí àlejò. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti tutù. Kì í ṣe omi tó ta láti ara àjẹ̀.

"Mẹ́fà."

Ibi tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ ti ń rọ̀. Ó mọ ìrọ̀ náà, àná ló fi ìka tẹ irú rẹ̀ lára pákó lẹ́yìnkùlé. Òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀, kò lè nu ún, torí ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá gbé apá, ẹsẹ̀ òun á yẹ̀.

"Méje. Isaac, máa lọ tààrà, a ti ń dé àárín. Méje ààbọ̀. Mẹ́jọ." Olúrántí gbójú sókè, ayọ̀ kún ojú rẹ̀. "Mẹ́jọ ààbọ̀! Ibí yìí iyanrìn ò tíì dé ibẹ̀ rárá!"

Ibẹ̀ gan-an ni ihò àkọ́kọ́ ti já. Ajíbádé mọ̀ ọ́n bó ṣe já, ó ṣe bí ẹni pé ìka tútù kan gún un ní gìgísẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Omi gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ. Ihò kejì já. Ukú yá j'ẹ̀sín, ọ̀gá rẹ̀ wí nínú etí rẹ̀, bó ti ń wí i láti ọdún méjìdínláàádọ́ta. Ajíbádé wo àyà ara rẹ̀, ó rí jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dè mọ́ ọn. Ó wo àyà ọmọ rẹ̀, kò rí ju búláòsì òyìnbó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ. Ó wá yé e, bí ẹni tí wọ́n gbá létí, pé nínú gbogbo ọdún tí òun ti ń pa òwe yẹn, òun kò bi ọ̀gá òun rí pé ikú ta ni.

"Rántí!" Ó kígbe tó bẹ́ẹ̀ tí àjẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Isaac. "Ihò mẹ́rin wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi! Èmi ni mo lu wọ́n, èmi ni mo dí wọn! Ọkọ̀ yìí máa rì!"

Olúrántí wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Ó wá rí omi. Isaac ti ń yí ọkọ̀ padà. Ajíbádé ń fa okùn jákẹ́ẹ̀tì, kò tú, kò tú, ó wá tú. Ó jù ú lu ọmọ rẹ̀, ó ń ké pé, "Wọ̀ ọ́! Mo ní kí o wọ̀ ọ́!" Ó fa fìlà rẹ̀ ya sí méjì, ó ki ìlàjì bọ ihò kan, ó fi ìlàjì kejì wé pẹ́ńsùlù etí rẹ̀, ó ki í bọ ìkejì. Bó ti ń ṣe èyí ni ìkẹta àti ìkẹrin já lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ohun tó kù lára rẹ̀ tó lè wọ ibẹ̀ àfi ìka rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú omi tó ti dé kókósẹ̀, ó ti ìka kan bọ ọ̀tún, ó ti ìka kan bọ òsì, ó sì wà bẹ́ẹ̀, iwájú orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi.

Olúrántí ń fi abọ́ oúnjẹ Isaac gbọ́n omi dànù. Ẹ̀rọ náà wà lórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń rì, ó ń ka tirẹ̀ lọ. Ajíbádé tẹjú mọ́ ọn láti orí ìkúnlẹ̀. Méje. Mẹ́fà ààbọ̀. Mẹ́fà, mẹ́fà, mẹ́fà, ó pẹ́ lórí mẹ́fà tó bẹ́ẹ̀ tó fi rò pé ọkọ̀ ti dúró. Omi dé itan rẹ̀. Mẹ́rin. Isaac ń mí bí ewìrì. Méjì. Nígbà tí ìdí ọkọ̀ họ ilẹ̀, ó ku bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kí wọ́n dé bèbè, ẹnu ọkọ̀ sì ti bá omi dọ́gba.

Wọ́n wọ́dò jáde. Àwọn èèyàn yí wọn ká, Ẹnjiníà ń bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Omi ló wọlé díẹ̀, sà," Olúrántí dá a lóhùn, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Ọkọ̀ tuntun ni, pákó rẹ̀ kò tíì wú."

Ajíbádé gbọ́ ọ. Ọmọ rẹ̀ ń bá a dí ihò. Ó gbé ọwọ́ sókè, ìka méjèèjì ti wú, ẹ̀jẹ̀ ń kán níbẹ̀. "Kò rí bẹ́ẹ̀," ó wí. "Mo lu ihò mẹ́rin sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́rú, mo fi gọ́ọ̀mù àga dí i, mo kùn ún, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni." Àwọn kan pòṣé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹ kò lè kó ogójì ará Ìkòrò jọ kí ẹ má rí ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí Ajíbádé ti ń sá fún láti ìgbà ọmọdé nìyẹn, ó sì dé, ó kọjá lórí rẹ̀, kò tilẹ̀ tó atẹ́gùn tó ń fẹ́ lórí omi.

Ohun tó dùn ún wáyé lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn èèyàn ti ń fa ọkọ̀ gòkè, tó ku òun àti ọmọ rẹ̀ nídìí igi.

"Bàbá mi," Olúrántí bi í, "ìgbà wo lẹ mọ̀ pé kò ní mú?"

"Àná. Nírọ̀lẹ́."

"Àná. Ẹ wá wà níbẹ̀ láàárọ̀ yìí, ẹ rí mi, mo ń wọ ọkọ̀."

Ajíbádé wo ìka rẹ̀ méjèèjì tó wú. Kò sí lẹ́bú, kò sí gọ́ọ̀mù tó lè dí ihò yìí.

Lọ́jọ́ Ajé, ó gbẹ́ èèkàn ìrókò mẹ́rin, ó fi gọ́ọ̀mù líle lẹ̀ wọ́n sínú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì kun ọ̀dà sí wọn. Ojú wọn ń dán nísàlẹ̀ ọkọ̀ búlúù náà, afọ́jú nìkan ni kò ní rí wọn. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi wọn adágún náà tán. Omi kò wọlé ní ẹ̀kán kan, etí ẹ̀rọ kò mì, ihò méjì tó wà lókè gbẹ fúrúfúrú, Ẹnjiníà sì ní òun yóò tún pe Kápẹ́ńtà níṣẹ́.

Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ mẹ́rin yẹn, Ajíbádé ń bá wọn dé etí omi. Olúrántí á kúnlẹ̀ kí i, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá mi," bó ti ń ṣe láti kékeré. Lẹ́yìn náà, yóò dìde, yóò lọ sídìí ọkọ̀ tí wọ́n dà dojú dé, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ pa ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, pákó kan lẹ́yìn òmíràn. Isaac náà á dúró dè é. Ajíbádé á dúró pẹ̀lú pẹ́ńsùlù tuntun létí, yóò máa wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀, títí tí yóò fi yẹ ihò kẹrin wò tán.